Kíkan Ọkọ̀ Ìpẹja Alumíníọ́mù fún Àwọn Odò Oregon: Láti Orí Páálí Dé Ojú Omi

Odò McKenzie ń ṣàn wá láti orí òkè Cascade ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, ó ń sáré gba àárín àwọn òkúta ńláńlá kọjá títí ó fi wọnú odò Willamette nítòsí ìlú Eugene. Ẹja trout, steelhead àti sámọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà yára, kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi, òkúta sì pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá rì púpọ̀ kò lè kọjá. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja àti afinimọ̀nà odò náà fi dá irú ọkọ̀ tiwọn sílẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1950, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Veltie Pruitt, Tom Kaarhus àti Woodie Hindman fi pákó, àti pílíwúùdù lẹ́yìn náà, kan ọkọ̀ fífúyẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ṣùgbọ́n tí ó tẹ̀ sókè láti àárín lọ sí imú àti sí ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Willie Illingworth bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ́mù kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gúúsù Oregon. Drift boat ni wọ́n ń pè é, nítorí pé odò fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé e lọ. Iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó sídìí àjẹ̀ ni láti dín eré rẹ̀ kù àti láti darí rẹ̀.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́ nílé, géètì àti irin ojú fèrèsé ni mo sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó dé ìhà ibí yìí. Mo gbà nígbà náà pé ẹni tí ó bá ti mọ irin jó kò ní ohun mìíràn láti kọ́ kí ó tó lè kan ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kàn wú bí páànù òrùlé tí ẹ̀fúùfù gbé, kì í sì ṣe pé iná mi kò dára. Ohun tí ó fà á ni pé mo jó o láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láìdúró. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni pé ìrísí tí ẹ kọ́kọ́ gé nínú páálí, ìmọ́tótó páànù, àti ètò tí ẹ ó fi jó o ni yóò sọ bí ọkọ̀ yín yóò ṣe rí. Ẹni tí ó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa kò ní rí iṣẹ́ iná gẹ́gẹ́ bí ìṣòro.

Ohun tí ọkọ̀ náà ń ṣe lórí omi

Ẹni tí ń tu irú ọkọ̀ yìí máa ń dojú kọ ibi tí odò ń lọ, imú ọkọ̀ tí ó ga tí ó sì ṣe ṣónṣó ni ó wà níwájú rẹ̀. Bí àpáta bá yọ níwájú, kì í gbìyànjú láti sáré ju omi lọ. Yóò kọ imú ọkọ̀ sí àpáta náà, kí ìdí ọkọ̀ lè kọ sí ibi tí ó fẹ́ sá gbà, yóò sì máa fa àjẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kí ọkọ̀ lè lọ́ra ju omi, kí ó sì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ewu yóò fi kọjá. Gbogbo ìrísí ọkọ̀ náà wà fún iṣẹ́ yìí.

Ìtẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó lè yí lójú kan náà, nítorí pé imú àti ìdí kò sí nínú omi púpọ̀, àárín nìkan ni ó jókòó. Ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣí sóde, tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ni ó ń ti ìgbì padà, tí ó sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró ṣinṣin bí ènìyàn bá fẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́ kan láti fa ẹja. Bí ìtẹ̀ bá pọ̀ jù, ọkọ̀ yóò máa pòòyì lójú omi tí ó parọ́rọ́, yóò sì rì púpọ̀ ní àárín. Bí ó bá kéré jù, kò ní gbọ́ ti àjẹ̀ nígbà tí ó bá yẹ kí ó gbọ́.

Ìwọ̀n tí mo dúró lé lórí fún ènìyàn mẹ́ta, ìyẹn atukọ̀ kan àti apẹja méjì, nìyí. Gígùn rẹ̀ láti imú dé ìdí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 54 níbi tí ó ti fẹ̀ jù, òkè rẹ̀ sì fẹ̀ tó ínǹṣì 78 ní ibi kan náà. Gíga rẹ̀ láàárín jẹ́ ínǹṣì 24, imú àti ìdí sì gbéra kúrò nílẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì 8 sí 10 bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tí ó tẹ́jú. Àwọn tí ń pẹja ní odò kékeré tí àyè rẹ̀ há máa ń fẹ́ ìsàlẹ̀ tí ó jẹ́ ínǹṣì 48, nítorí pé ó rọrùn láti tù. Ní tèmi, ẹni tí ó bá ń kan ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò jàǹfààní nínú ínǹṣì mẹ́fà yẹn, torí pé kì í rì tó èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ lè ṣírò ohun tí ó máa rì. Ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóòró nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bí ó bá wọnú omi ní ínǹṣì kan, máa ń gbé nǹkan bíi kílò 2.4. Bí ìsàlẹ̀ tí ó wà nínú omi bá tó irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ 40, ínǹṣì kọ̀ọ̀kan yóò gbé kílò 95. Ọkọ̀ tí ó wọn kílò 150, tí ènìyàn mẹ́ta àti ẹrù wọn tí ó tó kílò 300 wà nínú rẹ̀, yóò rì tó ínǹṣì márùn-ún bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá tẹ́ pátápátá. Nítorí ìtẹ̀, àárín yóò jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ínǹṣì kan tàbí méjì. Ìṣírò yìí ni ó ń jẹ́ kí n kọ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí n fi àpótí wúwo tàbí bátìrì kejì kún un.

Ẹ kọ́kọ́ kàn án nínú páálí

Ẹ má ṣe fojú kéré ìgbésẹ̀ yìí. Ẹ wá páálí tí ó le, ẹ jẹ́ kí ínǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì gé ẹ̀gbẹ́ méjì tí etí ìsàlẹ̀ wọn gún régé bíi rúlà. Ẹ fi téèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní imú, kí ẹ sì fi páálí kékeré kan tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ tẹ̀ wọ́n sóde láàárín. Ẹ ó rí ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i: etí ìsàlẹ̀ tí ó gún régé tẹ́lẹ̀ yóò tẹ̀ fúnra rẹ̀, àárín rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, imú àti ìdí yóò sì gbéra. Ṣíṣí tí ẹ̀gbẹ́ ṣí sóde ni ó ń bí ìtẹ̀ ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i sí i, ìtẹ̀ á pọ̀ sí i. Bí ẹ bá dín in kù, ìsàlẹ̀ á tẹ́jú. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ìtẹ̀ náà yàtọ̀ sí èyí tí ó wá fúnra rẹ̀, ẹ ó gé etí ìsàlẹ̀ páálí náà ní kọ́dọ́rọ́ díẹ̀, kí ẹ tún dán an wò.

Ẹ ṣe páálí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Páálí kò wọ́n, páànù alumíníọ́mù ni ó wọ́n. Nígbà tí ọ̀kan bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lé orí páálí mìíràn, ẹ fi pẹ́ńsù tọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gé e, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ fi ìka tì í níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u palẹ̀, ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ sì fa ìlà sí i lóròó ní ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ní orí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ibi tí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ wà, kí ẹ sì fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìwọ̀n ọkọ̀ gidi nìyẹn. Nítorí pé àṣìṣe tí ó kéré bí orí abẹ́rẹ́ lórí páálí yóò di ìlọ́po 12 lórí páànù, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ṣeé tẹ̀ so àwọn àmì náà pọ̀ nígbà tí ẹ bá yà wọ́n sórí páànù, kí ìlà náà lè ṣàn láìní kókó. Ojú yín yóò rí ibi tí kò dára kí rúlà tó rí i.

Páànù, wáyà àti gáàsì

Irin tí a fi ń ṣe géètì ṣeé fi kan ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta alumíníọ́mù, ó sì ń dógùn-ún. Páànù alumíníọ́mù tí ó nípọn tó ìdá mẹ́jọ ínǹṣì kan wọn kílò 0.8 ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóòró, irin tí ó nípọn bákan náà sì wọn kílò 2.3. Ọkọ̀ tí ènìyàn méjì lè fà sókè etídò ni a ń wá.

Alumíníọ́mù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni ó ń sọ irú èyí tí ó jẹ́. Fún ẹ̀gbẹ́, ẹ béèrè fún 5052-H32 tí ó nípọn tó ínǹṣì 0.100, fún ìsàlẹ̀, irú kan náà tí ó nípọn tó ínǹṣì 0.125. Èyí ṣeé tẹ̀, kò sì ń pàdánù púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ bí iná bá kàn án. Fún ọ̀pá etí ọkọ̀ àti àwọn egungun inú, 6061-T6 ni wọ́n sábà máa ń tà, nítorí pé ó le. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ibi tí iná bá ti kan 6061-T6 lè pàdánù ìdá méjì nínú márùn-ún agbára rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú ìjó wà ní ibi tí ìnira pọ̀ sí jù, pàápàá lábẹ́ ibi tí àjẹ̀ yóò dúró lé. Páànù òrùlé kò wúlò rárá fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 16 gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, nítorí títẹ̀ tí ó tẹ̀. Páànù tí ó fẹ̀ ní ínǹṣì 60 tí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ni ó dára jù. Bí ẹ kò bá rí i, tí ẹ sì ní láti so méjì pọ̀, ẹ fi ojú ìsopọ̀ náà sí ìhà ìdí, kí ó jìnnà sí àárín níbi tí páànù ti tẹ̀ jù, kí ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì sì wà ní ibi kan náà, kí méjèèjì lè tẹ̀ dọ́gba.

Wáyà tí a ń lò ni 5356. Gáàsì ni argon gédégédé, láìsí carbon dioxide nínú rẹ̀. Èyí tí a ń lò fún irin yóò ba alumíníọ́mù jẹ́. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ TIG tí ń lo iná AC, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ kejì ti wáyà sínú iná, yóò rí ojú ìjó tí ó mọ́ jù, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. MIG, èyí tí ẹ̀rọ ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀, tí ìdì wáyà náà sì wà lára ìbọn tí a dì mú, yára, nítorí náà kì í gbé ooru púpọ̀ jókòó sí ojú kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ojú ìsopọ̀ gígùn ti ìsàlẹ̀.

Gígé àti fífọ̀

Ayùn oníná tí a fi ń gé pákó, tí eyín rẹ̀ jẹ́ carbide, ń gé alumíníọ́mù dáadáa bí ẹ bá fi ìda pa á kí ó má baà lẹ̀. Ẹ gé e ní ìta ìlà, kí ẹ sì fi fáìlì fá a dé orí ìlà. Ẹ so ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì pọ̀ pẹ̀lú kílám̀pù, kí ẹ fá wọn papọ̀, kí wọ́n lè jẹ́ ìbejì lóòótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe wẹ́dà irin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi òkúta ìfárin tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ fá alumíníọ́mù. Alumíníọ́mù máa ń dí ojú rẹ̀, yóò gbóná, ó sì lè fọ́ ká lójú ẹni. Bẹ́ẹ̀ náà ni búrọ́ọ̀ṣì onírin: ẹ ra tuntun, irú èyí tí kì í dógùn-ún, kí ẹ sì kọ ọ́ sí i lára pé alumíníọ́mù nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ìdí tí ìmọ́tótó fi ṣe pàtàkì ni pé awọ tín-ín-rín kan wà lára alumíníọ́mù tí ojú kò lè rí. Alumíníọ́mù ń yọ́ ní nǹkan bíi dígíríì Celsius 650, ṣùgbọ́n awọ náà kì í yọ́ títí yóò fi kọjá dígíríì 2,000. Ẹni tí kò bá ha á kúrò yóò rí i pé irin abẹ́ rẹ̀ ti di omi, tí òkè sì ṣì dúró bí awọ orí ẹ̀kọ tútù, lójijì ni gbogbo rẹ̀ yóò sì jábọ́ tí ihò yóò ṣí. Ọ̀rinrin àti òróró ni ọ̀tá kejì, nítorí pé hydrogen tí ó wà nínú wọn ń wọnú irin tí ó yọ́, ó sì ń fi ihò kéékèèké sílẹ̀ nínú ojú ìjó. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ àti acetone, ìyẹn omi kẹ́míkà tí ń tú òróró, nu òróró kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Bí ẹ bá ṣe é lódìkejì, búrọ́ọ̀ṣì yóò fi òróró náà tẹ inú irin. Ẹ jó o ní ọjọ́ kan náà tí ẹ ha á.

Ohun kan wà tí mi ò lè sọ lásán. Ẹ má ṣe fi omi ìfọ̀ bíréèkì tí ó ní chlorine nínú nu ohun tí ẹ máa jó. Ìmọ́lẹ̀ iná wẹ́dà máa ń sọ ọ́ di gáàsì phosgene, èyí tí ó lè pa ènìyàn, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó láti ṣe ìpalára.

Fífi imú, àárín àti ìdí pọ̀

Ẹ fi pákó ṣe férémù kan tí ó bá inú ọkọ̀ mu ní ibi tí ó ti fẹ̀ jù: ínǹṣì 54 nísàlẹ̀, 78 lókè, gíga 24. Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró lódìkejì, kí etí òkè wà nílẹ̀, kí ìsàlẹ̀ sì dojú kọ ọ̀run, bí ìgbà tí a dojú ọkọ̀ dé. Ẹ pa imú wọn pọ̀, kí ẹ fi ọ̀pá alumíníọ́mù kan sí inú igun náà, kí ẹ sì jó kókó kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún péré sí i, ìyẹn ojú ìjó kékeré tí yóò kàn dì wọ́n mú títí di ìgbà ìjó gidi. Ẹ fi férémù sáàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn yí ìhà ìdí ká, ẹ fi igi bọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa lọ́ igi náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò fi wá pàdé páànù ìdí. Ènìyàn méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí pé páànù tí ó bá já kúrò lọ́wọ́ ní àkókò yìí lè ya ẹran ara.

Kí iná tó tún kàn án, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ na okùn láti imú dé àárín páànù ìdí. Àárín férémù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ okùn náà gan-an. Ẹ wọn láti imú dé igun ọ̀tún férémù, kí ẹ tún wọn dé igun òsì. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́jọ ínǹṣì kan lọ. Ọkọ̀ tí ó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́ náà títí ayé rẹ̀, atukọ̀ yóò sì fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ ní gbogbo ọjọ́. Mo ti lo odindi ọ̀sán kan lórí ìwọ̀n yìí nìkan, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ó bá tọ́, ẹ jó kókó sí páànù ìdí, kí ẹ sì tẹ́ páànù ìsàlẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹ fi okùn pẹlẹbẹ tí a fi ń di ẹrù fà á mọ́ ọn títí yóò fi gba ìtẹ̀ náà. Ẹ fi pẹ́ńsù tọ ọ́ yíká, kí ẹ sì gé e kí ó yọ síta ju ẹ̀gbẹ́ lọ ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì kan. Etí kékeré tí ó yọ yìí ni ojú ìjó yóò jókòó lé, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ fara gbá òkúta dípò ojú ìjó.

Ètò iná

Ẹ wọ aṣọ tí ó bo ọrùn àti apá pátá, nítorí pé alumíníọ́mù ń tan ìmọ́lẹ̀ iná padà ju irin dúdú lọ, ó sì ń sun awọ ara bí oòrùn. Ìbòjú tí dígí rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 sí 12 ni kí ẹ lò. Ẹ ṣí fèrèsé kí èéfín lè jáde, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ fáànù sí ojú iṣẹ́, yóò fẹ́ argon dànù.

Alumíníọ́mù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin nígbà tí ó bá gbóná, ó sì ń gbé ooru lọ sí ibi tí ó jìnnà. Nítorí náà ni a kò fi ń jó o bí géètì. Ẹ kọ́kọ́ jó kókó kan sí àárín ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan sí àárín ẹ̀gbẹ́ òsì, ọ̀kan sí imú, ọ̀kan sí ìdí. Ẹ pa àyè tí ó wà láàárín wọn sí méjì, ẹ jó o níbẹ̀, kí ẹ tún pa á sí méjì, títí kókó yóò fi wà ní ínǹṣì méjì-méjì yíká ọkọ̀. Ní báyìí, ẹ tẹ ọ̀pá etí ọkọ̀ mọ́ òkè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi kókó mú un, kí òkè lè di ìrísí rẹ̀ mú kí ìsàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Lẹ́yìn èyí ni ìjó gidi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jó ínǹṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àárín ọ̀tún, kí ẹ kọjá sí òsì ní ọ̀kánkán rẹ̀, kí ẹ lọ sí ìhà imú, kí ẹ padà sí ìhà ìdí. Ìjó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa lọ padà sí ìhà ibi tí ẹ ti jó kẹ́yìn, kí òpin rẹ̀ pàdé ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí ó ṣáájú. Ẹ gbé ọwọ́ lé páànù náà: bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ lọ síbòmíràn tàbí kí ẹ sinmi. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ yìí. Ọ̀sán kan ni mo fi ṣe e ní ìgbà àkọ́kọ́, mo sì ti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ojú ìsopọ̀ ìta ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àjóyíká, láìfi àyè kankan sílẹ̀. Ní inú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí ọkọ̀ padà, ẹ lè jó ínǹṣì méjì, kí ẹ fi àyè ínǹṣì mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹ tún jó méjì. Ẹ fi egungun alumíníọ́mù bíi mẹ́fà dábùú ìsàlẹ̀, kí ọ̀kan sì jìnnà sí èkejì ní ínǹṣì 18, kí ẹ sì gé ihò sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí omi lè ṣàn lọ sí ìdí níbi tí ìdérí ìfamijáde wà.

Inú ọkọ̀

Pákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí ó tẹ́jú ni a ń tẹ́ lé orí egungun náà. Atukọ̀ ń jókòó sítòsí àárín, àwọn apẹja sì wà níwájú àti lẹ́yìn. Níwájú, ẹ ṣe irin tí ó tẹ̀ bí ìlàjì òrùka tí ó ga dé itan, kí ẹni tí ó dúró láti ju ìwọ̀ lè fi itan tì í. Ìjókòó atukọ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé sún síwájú àti sẹ́yìn, nítorí pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba lójú omi yálà ènìyàn méjì ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí mẹ́ta, kí ó sì ní ibi tí atukọ̀ lè fi ẹsẹ̀ tì. Ẹ lu ihò mẹ́ta sí etí ọkọ̀ fún àjẹ̀, kí ẹ lè yan èyí tí ó bá apá yín mu. Àjẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 9 àbọ̀ ni ó bá ìwọ̀n ọkọ̀ yìí mu, ẹ sì gbọ́dọ̀ di ẹ̀kẹta mọ́ ẹ̀gbẹ́ níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Ìdákọ̀ró máa ń wà ní ìdí, ní àárín gbùngbùn. Ẹ má ṣe so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ láéláé, odò yóò da ọkọ̀ náà dé. Ìwọ̀n kílò 14 tó. Okùn rẹ̀ ń gba orí pọ́lì kọjá wá sọ́dọ̀ atukọ̀, a kì í sì í ta kókó sí ìparí rẹ̀, kí ó lè yọ́ jáde pátápátá bí ìdákọ̀ró bá há sí abẹ́ òkúta nínú omi tí ń sáré. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀ pẹ̀lú.

Alumíníọ́mù máa ń rì. Nínú omi, ó ń fi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kílò 150 yóò fi nǹkan bí kílò 95 rì. Fóòmù tí kì í mu omi, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ní gbogbo ọ̀nà mẹ́ta, ń gbé nǹkan bíi kílò 27. Mẹ́rin lè gbé ọkọ̀ nìkan. Mo ń fi mẹ́jọ sí abẹ́ ìjókòó àti sínú imú, kí àwọn tí ó bá bọ́ sómi lè rí ohun dì mú.

Alumíníọ́mù tí a kò fi nǹkan kan bò kì í yọ̀ lórí òkúta, ńṣe ni ó ń gbá a mú. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀dà epoxy tí ó nípọn kun ìsàlẹ̀ níta, tàbí kí ẹ fi pátákó ike UHMW bò ó. Bóòtù tí kì í dógùn-ún ni kí ẹ lò níbi gbogbo, pẹ̀lú ìdè ike láàárín rẹ̀ àti alumíníọ́mù. Idẹ kò gbọdọ̀ fara kàn án. Pákó tí wọ́n fi kẹ́míkà onícopper tọ́jú kò sì gbọdọ̀ wà lórí tírélà tí yóò gbé e, yóò jẹ alumíníọ́mù náà díẹ̀díẹ̀.

Ìdánwò

Ẹ lọ ẹfun pẹ̀lú omi, ẹ fi kun ojú ìjó ìta yíká, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ wá fi aṣọ tí ó mu kẹrosíìnì pa ojú ìsopọ̀ láti inú. Níbi tí ihò bá wà, bó ti wù kí ó kéré tó, ẹfun yóò yí àwọ̀ padà láàárín wákàtí kan. Ẹ sàmì sí i. Kí ẹ tó tún un jó, ẹ fọ gbogbo kẹrosíìnì náà kúrò pátápátá, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì tún fi acetone nù ún, nítorí iná àti nítorí ihò tuntun tí òróró yóò bí.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí omi tí kò sáré. Ẹ di ẹrù tí ẹ máa ń dì sínú rẹ̀, kí ẹ wo bí ó ṣe jókòó, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan kọ́ bí a ṣe ń fa àjẹ̀ sẹ́yìn kí ẹ tó lọ sí ibi tí òkúta wà. Ní Oregon, ẹ̀wù amúnilèéfòó tí ó bá ara mu gbọ́dọ̀ wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan; ọmọ tí kò ju ọdún 12 lọ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, gbogbo ènìyàn pátá sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nínú omi ríru tí wọ́n kà sí ìpele kẹta sókè. Bí ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì sí i, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Oregon State Marine Board, àjọ ìpínlẹ̀ náà tí ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi. Òfin ẹja yàtọ̀ láti odò dé odò pẹ̀lú: ní apá ìsàlẹ̀ odò Deschutes, níbi tí odò náà ti ń sún mọ́ ẹnu rẹ̀, wọn kì í gbà kí ènìyàn máa pẹja láti inú ọkọ̀, ọkọ̀ ń gbé ẹ débẹ̀ ni, ìwọ yóò sọ̀kalẹ̀ kí o tó ju ìwọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ odò gidi, ẹ dojú ọkọ̀ náà dé, kí ẹ sì fi ìka àti tọ́ọ̀ṣì tọ ojú ìjó ìsàlẹ̀ láti imú dé ìdí. Bí ẹ bá rí ìlà sísán, ẹ lu ihò kékeré kan sí òpin rẹ̀ méjèèjì kí ó má baà gùn sí i, ẹ fá a títí irin tí ó mọ́ yóò fi yọ, ẹ nù ún, ẹ ha á, kí ẹ sì jó o ní ọjọ́ tí kò sí òjò.